Ṣé bí oòrùn bá ń ru ni jẹjẹrẹ awọ ara ń pọ̀ sí i?

Ìbéèrè: Wọ́n ní oòrùn a máa ru gùdù nígbà míì. Kí ló ń ṣe é?

Ìdáhùn: Àmì dúdú a máa yọ lójú oòrùn, wọ́n á pọ̀, wọ́n á sì tún dín kù láàárín nǹkan bí ọdún 11. Heinrich Schwabe, ará Jámánì, ló kéde èyí lọ́dún 1843, lẹ́yìn tó ti fi ọdún 17 ṣọ́ ojú oòrùn. Ìgbà tí àmì náà bá pọ̀ ni ìjì oòrùn, ìyẹn agbára tó ń bú jáde lára rẹ̀, máa ń le jù.

Ìbéèrè: Ta ló wá so ó mọ́ jẹjẹrẹ?

Ìdáhùn: Lọ́dún 1978, àwọn olùṣèwádìí kan yẹ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà wò, èyí tó ti wà láti 1935. Wọ́n rí i pé bí àmì ojú oòrùn bá ti pọ̀ dé góńgó, kì í pẹ́ tí iye àwọn tí wọ́n bá melanoma lára wọn fi ń ga. Melanoma yìí ló sì burú jù nínú jẹjẹrẹ awọ ara.

Ìbéèrè: Òótọ́ ni, nígbà náà?

Ìdáhùn: Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ìṣègùn máa ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn ná. Yálà àmì pọ̀ tàbí kò pọ̀, ohun tó fi ń yàtọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 1,000 lọ. Ìtànṣán UV, tó ń ba awọ jẹ́, ń yí padà jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ń yí padà jù nínú rẹ̀ ni ozone, afẹ́fẹ́ tó bo ayé lókè lọ́hùn-ún, ń gbà sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kódà, bí irú ìtànṣán yẹn bá pọ̀ sí i, ozone fúnra rẹ̀ á pọ̀ díẹ̀ sí i.

Jẹjẹrẹ kì í sì í kánjú. Awọ tí oòrùn jó lọ́mọ ọdún 10 lè dákẹ́ títí ẹni náà á fi pé 50. Góńgó àmì ojú oòrùn tó ga jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ wáyé láàárín 1957 sí 1958, ti 2014 sì rọlẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, melanoma ń pọ̀ sí i láàárín àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà ní gbogbo àkókò yẹn. Ìwà ló yí padà: aṣọ kúrú, àwọn èèyàn ń lọ ná ara sóòrùn létí òkun, àwọn dókítà náà sì ń wá a kiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Àwa aláwọ̀ dúdú ńkọ́?

Ìdáhùn: Dúdú ara wa ń gbà wá sílẹ̀. Bí melanoma bá mú wa, ibi tí oòrùn ò dé ló sábà máa ń yọ sí: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ èékánná. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley ti bẹ̀rẹ̀. Ó kú lọ́dún 1981, lẹ́ni ọdún 36.

Àwọn àfín ni ọ̀rọ̀ oòrùn kàn gbọ̀ngbọ̀n, ibẹ̀ ló sì ń dùn mí jù. Lọ́dún 1975, Anezi Okoro, oníṣègùn awọ ara, tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn àfín Nàìjíríà: kò rí ẹnì kan tó ti kọjá ọdún 20 tí jẹjẹrẹ awọ tàbí àmì tó lè di jẹjẹrẹ ò sí lára rẹ̀. Ọmọ àfín kan wà ládùúgbò wa. Ṣóńṣó etí rẹ̀ ń bó, ètè rẹ̀ sán, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ kún fún àbààwọ́n. Síbẹ̀, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń kó òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sí pápá.

Ìbéèrè: Kí ló yẹ ká máa ṣọ́, bí kì í bá ṣe àmì ojú oòrùn?

Ìdáhùn: Òjìji yín. Bó bá ti kúrú jù yín lọ, UV ti le nìyẹn. Aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló sì ń le jù. Kí àfín dé akẹtẹ̀, kó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, kó fi ìpara adènà oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 sókè sí lára (SPF ni òṣùwọ̀n bí ìpara ṣe ń dènà oòrùn tó) pa ojú, etí àti ọrùn. Kí ilé ẹ̀kọ́ sì ṣe eré pápá ní aago 8, nígbà tí òjìji ọmọ náà ṣì gùn jù ú lọ.