Gáàsì jíjò nínú ọkọ̀ tó ń lo LPG

LPG tí àwọn ọkọ̀ kan ń lò dípò epo bẹntiróòlù kò yàtọ̀ sí gáàsì ìdáná: propane àti butane ni, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú táǹkì títí ó fi di olómi. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Pólándì, Túrkì, Ítálì àti Gúúsù Kòríà. Ní Nàìjíríà, CNG, ìyẹn gáàsì àdánidá tí wọ́n fún pọ̀, ni ìjọba ń polongo jù láti 2023, a kò sì gbọdọ̀ pa méjèèjì pọ̀, torí pé bí CNG bá jò, òkè ló ń lọ. LPG wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: propane tó ìlọ́po kan ààbọ̀ rẹ̀, butane tó ìlọ́po méjì. Á ṣàn sínú búútù, sínú gọ́tà, sínú kòtò tí mẹkáníìkì ń dúró sí lábẹ́ ọkọ̀, á sì dúró síbẹ̀. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná bíńtín ti tó láti gbé e. Gáàsì náà fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Ethyl mercaptan tí wọ́n pò mọ́ ọn ni imú ń gbọ́.

Oríkèé páìpù ló sábà máa ń jò. Páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́, mílímítà 6 tàbí 8, ló ń gbé gáàsì olómi láti inú táǹkì gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sí ìdí ẹ́ńjìnnì. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì ń tẹ òrùka kékeré kan mọ́ páìpù náà pinpin, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ọkọ̀ lójú ọ̀nà gbágungbàgun lè tú u díẹ̀díẹ̀. Níbi tí gáàsì olómi bá ti ń jáde, yìnyín funfun lè bo nọ́ọ̀tì, torí pé propane ń hó ní −42 °C, ó sì ń fa ooru kúrò lára irin. Òtútù yẹn ń bó ọwọ́ bí iná. Ẹni tó máa fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́.

Rẹ́gúlétọ̀ náà ń jò. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gba inú rẹ̀ kọjá láti sọ gáàsì olómi di afẹ́fẹ́, rọ́bà inú rẹ̀ sì máa ń le, a sì ya. Nígbà mìíràn gáàsì á gba ibẹ̀ wọ inú omi rédíétọ̀, omi náà á máa ru bí ẹni pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ló lọ. Ó yẹ kí mẹkáníìkì yẹ rẹ́gúlétọ̀ wò kó tó tú orí ẹ́ńjìnnì.

Bí òórùn bá sọ lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ yí ọkọ̀ náà kúrò lórí gáàsì sí bẹntiróòlù kí fáàfù oníná orí táǹkì lè pa, kó dúró ní ibi gbalasa, kó pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èrò sì sọ̀ kalẹ̀. Bí gáàsì bá ń tú yaa, kí wọ́n jìnnà sí ọkọ̀ náà, kí wọ́n pe panápaná. Bó bá kéré, a lè fi ọwọ́ yí fáàfù orí táǹkì sí ọ̀tún títí yóò fi dì.

Omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń wá ibi jíjò, tàbí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì. Iná kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Wọ́n á fi omi náà kun oríkèé kọ̀ọ̀kan nígbà tí gáàsì wà nínú páìpù, wọ́n á sì ní sùúrù, torí pé jíjò kékeré lè pẹ́ kó tó wú ìfófò kan ṣoṣo.

Kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì kankan, wọ́n á ti fáàfù táǹkì, ẹ́ńjìnnì á sì jó gáàsì tó kù nínú páìpù tán ní gbangba. Nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ ṣeé fún díẹ̀. Bó bá ṣì ń jò, fífún un ní àfúnjù á ba òrùka rẹ̀ jẹ́; kí wọ́n gé orí páìpù, kí wọ́n fi òrùka tuntun sí i. Téèpù funfun tí púlọ́ńbà ń wé kò wúlò níbẹ̀, torí pé irin tó tẹ̀ mọ́ irin ló ń dí oríkèé náà. Táǹkì tó ń jò kò ṣeé gbé fún wẹ́ẹ̀dà, pípààrọ̀ ni.

Wọn kì í rọ táǹkì kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí gáàsì lè ráyè wú nínú oòrùn. Fáàfù ààbò tún wà tó ń ṣí bí ìtẹ̀ inú táǹkì bá tó nǹkan bí 27 bar. Ní Vénissieux, nítòsí Lyon ní Faransé, wọ́n dáná sun ọkọ̀ LPG kan tí kò ní fáàfù yìí ní oṣù kìíní 1999. Táǹkì rẹ̀ bú gbàmù, panápaná mẹ́fà sì fara pa yánnayànna. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Faransé sọ fáàfù ààbò di dandan. Bí gáàsì bá ń tú láti ẹnu fáàfù yìí lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ jù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i.