Ìwé Orin Tó Kọ́kọ́ Jáde Kọ́ Ló Máa Ń Tọ̀nà Jù

Kì í pẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ dùùrù kan tó tún mú ìwé orin tí ó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀ mí wá, kí ó sì fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun ni ó tọ̀nà jù, nítorí pé òun ni atẹ̀wé kọ́kọ́ gbé jáde. Àwọn mìíràn ní tiwọn kò gba ohunkóhun gbọ́ àfi èyí tí ẹni tó ṣe orin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó ti sú mi láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè tí àwa olóòtú ìwé orin, tí a ń wá ohun tí ẹni tó ṣe orin kọ gan-an, máa ń bèèrè ni pé: inú ìwé wo ni wọ́n ti da ìwé wo kọ, ibo sì ni ọwọ́ ẹni tó ni orin kàn kẹ́yìn? Ẹ wo àwọn Prelude, ìyẹn orin dùùrù kúkúrú, tí Chopin ọmọ Poland ṣe, opus 28 (nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀), tí ó jáde ní 1839. Ìwé àfọwọ́kọ Chopin fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò ní Paris, ṣùgbọ́n àdàkọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Julian Fontana ṣe ni wọ́n lò ní Leipzig, ní Jámánì. Bí ìwé mẹ́wàá tí ó ti ara ti Leipzig jáde bá fẹnu kò lórí àṣìṣe Fontana, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jẹ́.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ rárá ni ọ̀rọ̀ àwo irin. Ara àwo irin ni wọ́n máa ń gbẹ́ orin sí nígbà náà, atẹ̀wé a sì tọ́jú rẹ̀ kí ó lè tún fi tẹ ìwé lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe, wọn a lu ẹ̀yìn àwo náà títí ojú ibẹ̀ yóò fi tẹ́jú, wọn a sì gbẹ́ nóòtì mìíràn sí i, láìfi ọwọ́ kan èèpo ìwé. Nítorí náà, ìwé méjì tí èèpo wọn àti nọ́ńbà àwo wọn (èyí tí atẹ̀wé fún àwọn àwo náà) bára mu lè yàtọ̀ nínú. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ lè rí òjìji nóòtì àtijọ́ lẹ́bàá èyí tuntun. Ìdí nìyí tí n kì í fi ara mọ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo láti ilé ìkàwé kan ṣoṣo.

Ní ti àwọn tí ń bọ ìwé àfọwọ́kọ, kí wọ́n ṣí Prelude nọ́ńbà ogún nínú opus 28 yẹn, ní báà kẹta (báà ni ìpín kékeré tí ilà òró pín orin sí). Natural, àmì tó ń dá nóòtì padà sí ohùn rẹ̀ gan-an, ti wà lórí nóòtì E ṣáájú nínú báà náà, Chopin kò sì kọ flat, àmì tó ń mú ohùn wálẹ̀ díẹ̀, sí E tó wà nínú kọ́ọ̀dù (àwọn nóòtì tí a ń tẹ̀ pọ̀) ìkẹyìn; nítorí náà, bí ó ṣe kọ ọ́, natural ni E yẹn náà. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Jane Stirling ń lò, a fi pẹ́ńsù kọ flat sí i. Flat ni èmi yóò tẹ̀, n ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ewé kí olórin lè mọ ohun tí mo ṣe.

Àwọn tí wọ́n ń pera wọn ní olóòtú, tí wọ́n ń yí nóòtì padà nítorí pé “ọkàn àwọn sọ bẹ́ẹ̀”, ni wọ́n ń bí mi nínú jù lọ. Nägeli, atẹ̀wé ní Zürich, ṣe irú rẹ̀ sí Beethoven, olórin ńlá ọmọ Jámánì, ní 1803. Ó tẹ àwọn sonata (orin gígùn tó ní apá mélòó kan) opus 31 fún dùùrù láìfi ẹ̀dà àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí i, ó sì fi báà mẹ́rin kún èkíní nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ Beethoven, Ferdinand Ries, ròyìn pé nígbà tí òun ta á dé ibẹ̀, ọ̀gá òun fi ìbínú fò dìde, ó sáré wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti òun kúrò nídìí dùùrù. Wọ́n kó àwọn àṣìṣe náà ránṣẹ́ sí Simrock, atẹ̀wé ní Bonn, òun ni ó sì tún un tẹ̀, tí ó kọ “Édition très correcte” (“Ẹ̀dà tó tọ̀nà gan-an” ní èdè Faransé) sí i lára.

Ìwé àfọwọ́kọ Beethoven fún sonata yìí ti sọnù. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ èyí tó kọ́kọ́ jáde, ìwé Nägeli ni yóò bá lọ. Ẹ wá a jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Simrock, kí ẹ sì ka iye báà wọn bí apá kìíní bá ń lọ sí ìparí.