Ta ló kọ ọ́? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ práímárì láti yẹ ìròyìn wò

Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀kọ́ yíyẹ ìròyìn wò, ìyẹn bíbéèrè ẹni tó kọ ọ́ àti bóyá òótọ́ ni, tí wọ́n ní ká máa kọ́ ọmọ práímárì 4 sí 6, bá fóònù dé ni. Irọ́ ni o. Ẹni yòówù kó sọ ọ́, kì í ṣe ará Abẹ́òkúta, torí ìlú wa níbí ni Henry Townsend ti gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ohun tí bàbá òyìnbó yẹn ń wá ni pé kó mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa ka ìwé kí wọ́n tó mọ ohun tó ń lọ.

Wọ́n kà á lóòótọ́. Àmọ́ ta ló kọ́ wọn láti bi ìwé náà léèrè? Townsend ni míṣọ́nnárì, òun náà ló ń dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú Ẹ̀gbá, òun náà ló tún ń kọ ìròyìn rẹ̀, tí ìjọba òyìnbó tó wà l'Ékòó sì ń bínú sí i. Nígbà tó di 1863 tí Robert Campbell dá ìwé ìròyìn tiẹ̀ sílẹ̀ lédè òyìnbó l'Ékòó, ẹni tó bá gbọ́ òyìnbó ti lè gbé méjèèjì síra wọn wò, ẹ rántí ìyẹn o, torí a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀. Ní 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n ba ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì kógbá wọlé.

Kó tó di ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, ó di ọdún 1930 sí 1939, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. F. R. Leavis àti Denys Thompson, àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ òyìnbó, ní kí tíṣà kọ́ ọmọ láti dá ẹ̀tàn inú ìpolówó ọjà àti ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú mọ̀, ìbẹ̀rù ló pọ̀ níbẹ̀ lójú tèmi, bí ẹni ń lé ọmọ kúrò nídìí iná. Len Masterman, olùkọ́ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, ló yí i padà ní nǹkan bíi 1985: kì í ṣe ká máa dẹ́rù ba ọmọ, ká jẹ́ kó béèrè pé ta ló ṣe é, ta ló ń jèrè níbẹ̀, kí ni wọn ò fi hàn wá. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, náà ti pe ìpàdé lé e lórí ní Grünwald, nílẹ̀ Jámánì, ní 1982. Ontario ní Kánádà fi í sínú ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní 1987, àmọ́ 2006 ni wọ́n tó yà á sọ́tọ̀ bí apá kan nínú ẹ̀kọ́ èdè àwọn kéékèèké láti kíláàsì 1 dé 8, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá ti wọlé.

Íntánẹ́ẹ̀tì wá da gbogbo ẹ̀ rú, torí ọ̀nà àtijọ́ ni pé kó o tẹjú mọ́ ojú ewé náà. Sam Wineburg àti Sarah McGrew ní yunifásítì Stanford, l'Amẹ́ríkà, wo bí àwọn tó ń fi ìwádìí ìròyìn ṣiṣẹ́ ṣe ń ṣe é, wọ́n rí i pé wọn kì í pẹ́ lójú ewé rárá, kíá ni wọ́n á ti jáde lọ wo ohun tí ẹlòmíì sọ nípa ẹni tó kọ ọ́. Ṣé ẹ rí Campbell àti Townsend báyìí? Ohun kan náà ni pẹ̀lú kéèyàn gbé ìwé ìròyìn wọn méjèèjì síra wọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ṣe ìkéde lórí ẹ̀kọ́ yìí l'Ábújá ní 2013, Nàìjíríà tún gbàlejò ọ̀sẹ̀ àgbáyé ẹ̀ ní 2022. Láàárín ẹ̀, 2014, Ẹbólà dé, wọ́n fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ káàkiri lóru pé omi iyọ̀ ló ń dènà ẹ̀, ó kéré tán èèyàn méjì ló mu ún tó kú. Ẹ̀kọ́ yìí ò tíì dá dúró bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì ní práímárì wa, tíṣà tó bá fẹ́ ṣe é á há a mọ́ ẹ̀kọ́ òyìnbó. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn, àsìkò ẹ̀kọ́ Yorùbá ló yẹ kó wà, torí Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n fi ń sọ fóísì nóòtì tó ń tan àwọn ìyá wa jẹ.