Ohun tí egbò asofẹ́yẹjẹ ń ṣe nínú ara

Ẹni tó bá béèrè egbò asofẹ́yẹjẹ lọ́wọ́ lẹ́kúlẹ́jà ní Ògbómọ̀ṣọ́, gígé kéékèèké ni yóò bá a, èèpo rẹ̀ ṣì wà lára. Ó korò gan-an. Igi rẹ̀ kò ṣòroó dá mọ̀ létí oko: mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ewé rẹ̀ máa ń yọ yí ojú kan ká lára ẹ̀ka, oje funfun a jáde bí a bá ṣẹ́ ẹ, èso wẹ́wẹ́ rẹ̀ a sì pọ́n tí ẹyẹ á máa ṣà á jẹ.

Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń lo egbò yìí fún ẹni tí orí rẹ̀ gbóná, tí kò sùn, tó ń bá gbogbo èèyàn jà. Nígbà tí Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó bá a lọ́wọ́ wọn, ó sì kọ ọ́ síta ní 1960. Ìmọ̀ àwọn baba wa ni. Ó yẹ ká máa sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò.

Reserpine ni èròjà tí a mọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ oògùn CIBA ní ìlú Basel ní Switzerland yọ ọ́ jáde láti ara Rauvolfia serpentina, ìbátan asofẹ́yẹjẹ tó ń hù ní Íńdíà. Rustom Jal Vakil, dókítà ará Íńdíà, ti kọ̀wé lọ́hùn-ún ní 1949 nípa bí egbò náà ṣe mú ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn aláìsàn rẹ̀ wálẹ̀. Rauvolfia vomitoria ni wọ́n ń pe tiwa, òun náà sì ní reserpine débi pé wọ́n máa ń kó egbò rẹ̀ láti Kóńgò lọ sí Yúróòpù nígbà kan rí láti fi ṣe oògùn.

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Níbi tí iṣan ìmọ̀lára méjì ti pàdé, wọn kì í fara kanra. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn. Èròjà ni ọ̀kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì, irú bíi noradrenaline, dopamine àti serotonin. Inú àwọn àpò kékeré tí ojú lásán kò lè rí ni iṣan ń kó wọn pamọ́ sí títí tí yóò fi nílò wọn, àpò kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu tí wọ́n ń gbà wọlé. Ẹnu yìí gan-an ni reserpine ń lọ dí. Ó dà bí àká tí wọ́n dí lẹ́nu nígbà ìkórè: àgbàdo tó wà níta, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́. Èròjà tí kò ríbi wọ̀, enzyme tó wà nítòsí, ìyẹn ohun tí ara fi ń fọ́ èròjà, a fọ́ ọ túútúú. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, àpò á ṣófo. Iṣan á fẹ́ ránṣẹ́, kò ní rí nǹkan fi rán.

Noradrenaline ló ń sọ fún òpójẹ̀ pé kó fún, tó sì ń sọ fún ọkàn pé kó yára. Bó bá ti tán, òpójẹ̀ á dẹ̀, ọkàn á rọra máa lù, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Nínú ọpọlọ, ẹni tó ń sáré kiri á rọlẹ̀, á sùn. Ṣùgbọ́n òfìfo náà kì í mọ sí ibi tí a ń fẹ́ ẹ. Imú á dí. Omi kíkan inú ikùn á pọ̀ sí i, ọgbẹ́ inú á sì burú. Bí ó bá pọ̀ jù, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ìbànújẹ́ sì lè wọ ẹlòmíràn lára débi tí ayé á fi sú u.

Arvid Carlsson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Swídìn, ló fi èyí hàn kedere. Ó fún ehoro ní reserpine, wọ́n sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọn ò lè mira. Ó wá fún wọn ní L-DOPA, èyí tí ara ń sọ di dopamine, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọdún 1957 ló gbé e jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún oògùn tí àwọn tó ní àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó sì ń mú ara le, ṣì ń lò dòní, Carlsson sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló le jù. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru, reserpine tí dókítà ń fúnni lójúmọ́ kì í sábà ju mílígíráàmù 0.25 lọ. Kò sí ojú tó lè wọn ìyẹn nínú ife àgbo. Èèpo egbò ní in ju igi inú rẹ̀ lọ, egbò igi kan kò sì bá ti òmíràn dọ́gba. Reserpine nìkan kọ́ ló sì wà níbẹ̀: ajmaline wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó lè yí bí ọkàn ṣe ń lù padà. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn, tó tún ń mu àgbo yìí nílé, méjèèjì lè jọ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà, kó dìde lórí ibùsùn kó sì ṣubú.

Ẹnu àpò tí reserpine ti dí kì í tètè ṣí mọ́. Ara ní láti ṣe àpò tuntun, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó mu àgbo asofẹ́yẹjẹ kẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ó yẹ kó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó kọ oògùn mìíràn fún un, pàápàá jù lọ kí wọ́n tó kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ.