Bí Ẹsẹ Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Dé Ọrùn Fìtílà

Àwa Yorùbá ń pe àtùpà ní fìtílà. Láti ọ̀dọ̀ Hausa ni ọ̀rọ̀ náà ti wá bá wa, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló ni ín: fatila ni òwú tí iná ń jó lórí rẹ̀. Àwa sọ òwú di odindi àtùpà.

Fìtílà inú Súúrátù Núúrì, ẹsẹ 35, tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ Ìmọ́lẹ̀ nínú Kùránì, lọ̀rọ̀ mi dá lé. “Allah ni ìmọ́lẹ̀ àwọn sánmọ̀ àti ilẹ̀.” Lẹ́yìn èyí ni àpèjúwe dé: ihò ara ògiri, fìtílà nínú rẹ̀, gíláàsì lára fìtílà, òróró ólífì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn kí iná tó kàn án.

Sahl al-Tustari, Súfí (Mùsùlùmí tó ń wá Allah nínú ọkàn) tó kú ní 896, ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ Ànábì tó ṣáájú ìṣẹ̀dá. Ṣùgbọ́n Ghazali, onímọ̀ Ìsìláàmù tó kú ní 1111, ló tú àpèjúwe náà palẹ̀ jù lójú tèmi. Nígbà kan, iyèméjì mú un débi pé kò gba ohun tí ojú ara rẹ̀ rí gbọ́ mọ́, fún bí oṣù méjì. Ó ní kì í ṣe àríyànjiyàn ló yọ òun. Ìmọ́lẹ̀ tí Allah jù sí òun láyà ni. Nínú ìwé rẹ̀, Mishkat al-Anwar, ihò ara ògiri ni ojú, etí àti ìmọ̀lára yòókù. Fìtílà ni làákàyè. Òróró ni ẹ̀mí àwọn ànábì. Gíláàsì wá ńkọ́? Ọkàn tó ń ya àwòrán nǹkan ni. Ó ní ohun tó ṣókùnkùn ni gíláàsì níbẹ̀rẹ̀, àfi tí wọ́n bá yọ́ ọ títí tó fi mọ́, tí kò dí ìmọ́lẹ̀ lójú mọ́.

Suhrawardi, onímọ̀ ọgbọ́n orí, tẹ̀ síwájú: ó ní ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà, ọ̀kan ju ọ̀kan lọ, títí dé Ìmọ́lẹ̀ àwọn ìmọ́lẹ̀. Àwọn àáfà Aleppo ní Síríà fẹ̀sùn kàn án, Saladin, ọba ìgbà náà, sì pàṣẹ kí wọ́n pa á ní 1191.

Láyé àwọn Mamluk, tó jọba lórí Íjíbítì àti Síríà, ni àwọn oníṣẹ́ gíláàsì Síríà àti Íjíbítì kọ ẹsẹ náà sára fìtílà mọ́sálásí. Wọ́n á fẹ́ gíláàsì, wọ́n á fi wúrà àti ọ̀dà búlúù kọ̀wé sí i, wọ́n á tún dá a padà sínú iná kí ọ̀dà lè mú. Ife kékeré tó ní omi, tí òróró léfòó lórí rẹ̀, ló ń gbé òwú nínú ikùn rẹ̀. Tí iná bá ràn, ibi tí wọn kò kùn ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà yọ.

Ọrùn ni ti ẹsẹ Kùránì. Ikùn, tó gbòòrò jù, ni wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ọba sí. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú mọ́sálásí tí Sultan Hasan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Káírò ní 1356. Wọ́n mú ọba náà ní 1361 kí iṣẹ́ tó parí, òkú rẹ̀ kò sì dé inú ibojì tó ṣe síbẹ̀. Inú mùsíọ́mù Káírò ni púpọ̀ nínú àwọn fìtílà náà wà báyìí, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níkùn wọn, láìsí òróró.