Kí Ni Ṣíkórì? Ẹ̀fọ́ Kíkorò Tó Jẹ́ Ìbátan Yánrin

Orúkọ tí wọ́n ń kọ sára páálí irúgbìn yìí ni «chicory lettuce», orúkọ náà sì ń ṣi ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń dáko ẹ̀yìnkùlé ní Àbújá lọ́nà, nítorí pé ṣíkórì kì í ṣe lẹ́túùsì. Cichorium intybus ni àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pè é, Lactuca sativa sì ni wọ́n ń pe lẹ́túùsì. Inú ìdílé ńlá kan náà tí ewúro wà ni àwọn méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n yánrin ló sún mọ́ wọn jù nínú ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa. Ẹ já ewé yánrin kan, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ ti já a: oje funfun bíi wàrà yóò máa sun jáde. Bí ẹ bá já ewé ṣíkórì, irú oje bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó rí, inú rẹ̀ sì ni ìkorò wà.

Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ìkorò yìí nítorí pé àwọn tí kò mọ̀ máa ń tọ́ ewé náà wò, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á sì hú u dànù. Kò bàjẹ́ rárá. Bí ẹ̀dá rẹ̀ ti rí nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ewúro náà ti rí. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni pé kí ìkorò náà má pọ̀ jù, ooru àti òùngbẹ ló sì ń sọ ọ́ di púpọ̀.

Nítorí náà, àkókò ló ṣe pàtàkì jù. Mo ti gbìn ín rí ní Kubwa ní oṣù kẹta, nígbà tí ilẹ̀ ń jó ènìyàn lẹ́sẹ̀. Díẹ̀ ló hù, àwọn tí ó sì hù le gbandi, wọ́n korò débi pé àwọn ọmọ kò fẹnu kàn án. Nígbà tí mo tún gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, tí òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ bá ewé náà lórí ilẹ̀, òtútù òru sì mú kí ó rọ̀. Àwọn ará Jos rí àǹfààní jù wá lọ nínú èyí, nítorí pé orí òkè ni wọ́n wà, afẹ́fẹ́ wọn sì tutù.

Ẹ fi ìgbẹ́ màlúù tí ó ti jẹrà dáadáa po ilẹ̀, kí ẹ sì kọ ebè pẹlẹbẹ. Irúgbìn náà kéré, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó má baà ṣùpọ̀ sójú kan, kí ẹ sì bù erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí ó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Koríko gbígbẹ tí ẹ bá tẹ́ lé e yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn títí yóò fi hù. Ẹ tètè kó koríko náà kúrò nígbà náà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa bomi rin ín, nítorí pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀ ju bí ènìyàn ti rò lọ. Lẹ́yìn náà ẹ yọ àwọn tí ó fún pọ̀, kí àlàfo tó 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wọn. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀ bíi ti kárọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ lọ́ ọ sí ibòmíràn, ẹ ṣe é nígbà tí ó ṣì kéré.

Irú ṣíkórì tí ó ń dì bíi káábéèjì, tí ó pupa, fẹ́ òtútù tí Àbújá kò ní. Ẹ wá irú tí ewé rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Bí ìkorò bá ṣì pọ̀, ẹ da ìkòkò amọ̀ dé orí rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà tí omi bá ti gbẹ lára ewé, kí ó má baà rà. Nínú òkùnkùn ewé tuntun kì í láwọ̀ ewé, ó ń funfun, ìkorò rẹ̀ sì ń dínkù. Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ń lò fún ṣíkórì tí wọ́n ń pè ní witloof, èyí tí ó túmọ̀ sí «ewé funfun».

Ẹ fi ọ̀bẹ gé e ní nǹkan bí ìka méjì sókè ilẹ̀, kí ẹ má hú u, nítorí pé gbòǹgbò náà yóò tún rúwé. Ní ilé ìdáná, ẹ rẹ ewé tí ẹ gé sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní sàláàdì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi se ẹ̀gúsí lè bọ̀ ọ́ díẹ̀, kí ó sì fún omi rẹ̀ dànù.