Ṣé Ilé Lè Kọ́ Èèyàn Lẹ́kọ̀ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo kà á pé níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni láti ya pláànù ilé tí ò ní ba àyíká jẹ́, ilé tí wọ́n ń jókòó sí gan-an ni tíṣà. Ilé tí ò lẹ́nu?

Ìdáhùn: Èmi náà rò pé àsọdùn ni o. Àmọ́ ẹ ronú nípa kíláàsì tí iná ń jó lọ́sàn-án gangan, fèrèsé ò ṣeé ṣí, lẹ́kíṣọ̀ wá dúró síwájú ó ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ iná lò. Èwo lẹ máa gbà gbọ́, ẹnu ẹ̀ ni àbí yàrá yẹn? Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n David Orr ní Oberlin College, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, rí nìyẹn, lòun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jọ ro bí ilé tuntun á ṣe rí, ayàwòrán ilé William McDonough àtàwọn èèyàn ẹ̀ ya á, ìgbà tó fi máa di 2000 wọ́n ti ń lò ó.

Ìbéèrè: Kí ló wà níbẹ̀ tí ò sí níbòmíì?

Ìdáhùn: Sólà wà lórí òrùlé, ìyẹn ò ṣàjèjì mọ́. Omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀nà tí John Todd, onímọ̀ nípa ohun alààyè, gbé jáde ni wọ́n lò: omi ìdọ̀tí á kọ́kọ́ gba inú táǹkì tí wọ́n dé pa, lẹ́yìn náà á bọ́ sínú àwọn táǹkì tó ṣí sílẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ewéko wà lórí wọn, gbòǹgbò wọn sì rọ̀ sínú omi yẹn. Ẹ má rò pé ewéko ló ń dá iṣẹ́ ṣe o, bakitéríà tó fi gbòǹgbò yẹn ṣelé ló ń jẹ ìdọ̀tí. Ó tún máa gba inú òkúta wẹ́wẹ́ kọjá, wọ́n á tan iná ultraviolet, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tójú ò lè rí tó ń pa kòkòrò àrùn, sí i, ó parí.

Ìbéèrè: Wọ́n á wá mu ún?

Ìdáhùn: Háà, rárá! Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń dá a padà sí.

Ìbéèrè: Ṣé ilé yẹn ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe fọ́nnu?

Ìdáhùn: Kò tètè rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, iná tó ń jẹ ju èyí tí sólà orí òrùlé ń mú wá lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì kan nílé ìwé yẹn kan náà sì gbé fígọ̀ jáde ní gbangba, àríyànjiyàn wá gbóná. Ní 2006 wọ́n fi sólà míì bo ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, kí iná tí wọ́n ń rí lè tó èyí tí ilé náà ń jẹ. Lójú tèmi o, ẹ̀kọ́ tó dùn jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn, torí pé mítà wà káàkiri ilé náà, akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú ara ẹ̀ rí i pé pláànù tó rẹwà lórí bébà lè já èèyàn kulẹ̀, kó sì wá ibi tí iná ń gbà lọ.

Ìbéèrè: Tí ilé ìwé tèmi ò bá nírú ẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì yín ń gbà lọ, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e débi tó parí sí. Mo ti bi àwọn tó kàwé gboyè nínú ilé yíyà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò mí ni.